Ọmọ tó jẹ́jẹ́ nílé ìwé, tó ń lọgun nílé

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 12. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, mi ò lè bá a sọ̀rọ̀ kó má di ariwo. Tí mo bá ní kó gbé fóònù sílẹ̀ kó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Tí mo bá tún un sọ, á fèsì. Tí mo bá tẹnu mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun, á fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Mo ti nà án. Mo ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ní èmi ni mo kẹ́ ẹ bàjẹ́, pé kì í dán irú ẹ̀ wò níwájú òun. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 5, ti ń kọ́ igbe náà. Ṣé ọmọ mi ti bàjẹ́ ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kọjá. Ẹ ní àwọn olùkọ́ sọ pé kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, gbólóhùn yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó lè jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí níbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún un, tó lè dúró kó tó kàn án, tó lè gbé ìbínú mì nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá tọ́ ọ, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kó ara ẹni níjàánu. Ọmọ yín kò bàjẹ́. Ìwà tó ń hù yẹn ní ibi tó ń gbé, ó ní wákàtí tó máa ń jáde, ó sì ní ẹni tó máa ń jáde sí. Ìwà tó bá ti ní àdírẹ́sì, a lè wá a lọ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ kan wà o, tó jẹ́ pé gbogbo agbára tí wọ́n fi ń mú sùúrù láti àárọ̀ á ti tán kí wọ́n tó délé, ilé ni wọ́n sì ti ń sọ ẹrù náà kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọmọ yín nìyẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó bá wọlé kì í ṣe àkókò tó yẹ kéèyàn to iṣẹ́ lé e lórí.

Ní báyìí, ẹ bá mi padà sí ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí púpọ̀ débi pé mo lè sọ bó ṣe lọ. Níbi tí mo bá ti ṣì í, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ wà ní yàrá kejì, ẹ ké sí i pé kó gbé fóònù sílẹ̀. Kò dáhùn. Ẹ ké sí i lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn yín ń ròkè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ní, "Mo ti gbọ́ nígbà àkọ́kọ́!" Ohùn tó fi sọ ọ́ bí yín nínú. Ọ̀rọ̀ kúrò lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, ó di ọ̀rọ̀ àfojúdi. Ó lọgun, ẹ lọgun, ilẹ̀kùn dún gbàgà. Ó ti rẹ̀ yín, àbúrò rẹ̀ ń sunkún, ẹ ní, "Ṣe ohun tó bá wù ẹ́, ayé ẹ ni." Ilé dákẹ́.

Ta ló jèrè níbẹ̀? Ẹ̀yin méjèèjì ni. Ó pariwo, iṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣe sì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yin náà jáwọ́, ariwo tó ń dà yín láàmú sì dá. Ẹ̀dá èèyàn kì í gbàgbé ohun tó bá mú ìnira kúrò fún un wéré; á tún un ṣe lọ́la. Gerald Patterson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rán àwọn òǹwòye lọ jókòó sínú ilé àwọn ẹbí tí apá wọn kò ká ọmọ wọn. Wọ́n ń kọ ohun tí òbí ṣe sílẹ̀, ohun tí ọmọ ṣe tẹ̀lé e, àti ohun tí òbí tún fi dá a lóhùn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1982, Patterson ti ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké: ọmọ fi ariwo lé àṣẹ padà, òbí fi ìjáwọ́ ra àlàáfíà, ìjà ọ̀la á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi gíga tí tòní parí sí. Òbí ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ òbí, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé òun wà ní kíláàsì.

Ẹ lè ní, "Àmọ́ èmi kì í sábà jáwọ́." Mo gbà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. B.F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi eku àti ẹyẹlé ṣe ìwádìí lórí èyí ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ẹranko tó ń rí oúnjẹ gbà ní gbogbo ìgbà tó bá ti tẹ bọ́tìnì máa ń tètè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí oúnjẹ kò bá jáde mọ́. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rí i gbà kì í jáwọ́ bọ̀rọ̀. Ohun kan náà ló ń mú ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ jókòó di òru. Bí ẹ bá dúró lórí ọ̀rọ̀ yín fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ẹ wá jáwọ́ lọ́jọ́ karùn-ún nítorí pé igbe ti pọ̀ jù, ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa mú lọ ni pé igbe ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni kò tó.

Ẹ ní ẹ ti nà án. Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ẹni tí ọ̀ràn bá pin lẹ́mìí ló ń na ọwọ́ sí pàṣán. Ìdí tí òbí fi ń padà sí i ni pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọdún 2016, Elizabeth Gershoff àti Andrew Grogan-Kaylor kó àwọn ìwádìí bí àádọ́ta ọdún jọ lórí fífi àtẹ́lẹwọ́ lu ọmọ ní ìdí tàbí ní apá àti ẹsẹ̀, àwọn ọmọ tó kàn sì lé ní 160,000. Ibi tí nínà bá pọ̀ sí ni wọ́n ti sábà rí jàgídíjàgan, ìwà àìtọ́ àti ìdààmú ọkàn. Wọn kò rí ohun rere kankan tó bá a rìn. Tiyín tún wá ní ọ̀nà tirẹ̀: láìpẹ́ láìjìnnà, ọmọ ọdún 12 yóò ga jù yín. Bó bá jẹ́ agbára apá lẹ fi ń darí rẹ̀, ọjọ́ tí apá bá dọ́gba ńkọ́?

Ti fóònù tí ẹ gbà fún oṣù kan, èmi ì bá ti gbà á fún ìrọ̀lẹ́ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ọmọ tí wọ́n ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ohun tó kù tó lè pàdánù, ẹ̀yin náà ò sì ní ohun tí ẹ lè fi tọ́ ọ sọ́nà mọ́ títí oṣù á fi parí. Ìyà kúkúrú tó dé lójú ẹsẹ̀, tó sì parí lásìkò tí ẹ dá, ló ń kọ́ ọmọ. Èyí tí ẹ bá fi ìbínú sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀yin alára lẹ máa rọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe lè dà bí eré. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́ta: ohun tí ẹ sọ tàbí tó ṣẹlẹ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọmọ ṣe gan-an, àti ohun tó tẹ̀lé e. Ẹ má kọ "ó ṣe àfojúdi", ẹ kọ "ó yí ojú, ó ju ìwé sílẹ̀." Kí ẹ sì mú wákàtí kan lọ́jọ́ kan, kí ẹ ka iye àṣẹ tí ẹ pa fún un. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá sọ èyí, tí wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí wọ́n bá mú ìwé náà padà wá. Bíbọ́ bàtà, pípa iná, ìjókòó, ìdúró, ohùn, ojú, gbogbo ẹ̀ ló ní àṣẹ tirẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ àṣẹ ọgbọ̀n láàárín wákàtí kan á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dití sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má tíì lọ sí orí àṣẹ. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Constance Hanf, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Oregon, to iṣẹ́ yìí sí ìpele méjì fún àwọn ìyá: ẹ kọ́kọ́ tún àárín ìyá àti ọmọ ṣe, lẹ́yìn náà ni ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ. Ìlànà Sheila Eyberg àti ti Carolyn Webster-Stratton, tí àwọn onímọ̀ ń lò káàkiri ayé lónìí, orí ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé wọn kà. Fún ọmọ ọdún 12, kì í ṣe eré ọmọdé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lójoojúmọ́, lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ yàn, láìsí ìbéèrè nípa ilé ìwé, láìsí ìmọ̀ràn, láìsí "ṣé o wá rí i báyìí." Bó bá jẹ́ géèmù orí fóònù tí ẹ kórìíra yẹn ló yàn, ẹ jókòó tì í kó kọ́ yín. Ẹ máa pàdánù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sì hùwà burúkú, ẹ má gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe ìyà.

Nígbà tó bá wá kan àṣẹ, ẹ má pa á láti yàrá kejì. Ẹ rìn lọ bá a, kí ẹ dúró níbi tí ojú yín àti tirẹ̀ á ti pàdé, kí ẹ sọ ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì sọ ohun tó yẹ kó ṣe, kì í ṣe èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀. "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún." Tó bá pé: "Gbé fóònù sórí tábìlì." Kì í ṣe "Ṣé o ò ní gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ni?", torí ìbéèrè nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì lè jẹ́ "rárá." Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ ka ení dé àrún nínú ọkàn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn le ju bó ṣe dún lọ. Bó bá gbé e sílẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ní ohùn jẹ́jẹ́, láìsí àpọ́njù: "O gbé e sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó dùn mọ́ mi." Ọmọ ọdún 12 kò fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun níwájú àlejò, àmọ́ ó fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ìyìn ni apá tí àwọn òbí ń fojú kéré jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, òun sì ni mi ò lè yọ kúrò. Ẹ ti ń fún igbe ní àkíyèsí láti ọdún kan. Ìgbọràn náà ń dúró de tirẹ̀.

Bí kò bá gbé e sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ohun tó máa tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe é láìbá a jiyàn: fóònù lọ títí di ọ̀la ní irú àkókò yìí. Ẹ má já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, torí ìjàkadì nìyẹn; bí kò bá fi sílẹ̀, ẹ gé íntánẹ́ẹ̀tì ilé tàbí dátà rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó bá ń sọ tẹ̀lé yín bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo gbólóhùn ló nílò èsì. Òfin fóònù yìí gan-an, ẹ jọ jókòó ṣe é ni, lọ́jọ́ tí inú gbogbo yín dùn, kí òun náà ní ohùn nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó bá bá yín dúnàádúrà lórí òfin á ṣì rú u, àmọ́ kò ní lè sọ pé òun ò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ìwà náà máa kọ́kọ́ burú sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má dá igbe lóhùn, mo sì máa ń gbàgbé láti sọ èyí tó kù. Ìyá kan padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ó ní mo ti ba ilé òun jẹ́ tán: igbe tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ti di ogójì. Ó tọ́ kó bínú sí mi. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ kò bá ṣí i mọ́, èèyàn kì í kàn yí padà lọ; á fi agbára yí i, á gbo ó jìgìjìgì. Ìgbòjìgìjìgì yẹn ni àmì pé nǹkan ti ń yí. Ọjọ́ tí ẹ bá jáwọ́ níbẹ̀, ẹ ti ra igbe ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè dúró ti ọ̀rọ̀ kan dé òpin, ẹ má dá a sílẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà.

Ti àbúrò rẹ̀ rọrùn jù. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, fi hàn ní ọdún 1961 pé ọmọdé tó bá rí àgbàlagbà tó ń lu bèbí ìṣeré sábà máa ń lù ú bákan náà. Ẹni tí ọmọ ọdún 5 ń wò nílé yín ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yin náà. Ẹ yíjú kúrò nígbà tó bá ń dán igbe wò, kí ẹ yíjú padà ní kété tó bá fi ohùn gidi sọ̀rọ̀. Bó bá lu èèyàn, ìjókòó sí ibi ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó.

Mo padà sí ẹ̀gbọ́n, torí ohun méjì kan ṣì wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbójú fò. Ẹ ní ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kan sẹ́yìn. Kí ló yí padà nígbà yẹn? Ṣé ó pààrọ̀ ilé ìwé, ṣé ọ̀rẹ́ kan lọ, ṣé ẹnì kan ń fòòró rẹ̀ lórí fóònù yẹn gan-an? Ìbàlágà náà wà níbẹ̀. Apá iwájú ọpọlọ tí a fi ń dá ara wa dúró kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ọdún 25, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ láti dá wà ti dé tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Oorun pẹ̀lú: àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 láàárín wákàtí 24, ọmọ ọdún 13 sí 18 sì nílò 8 sí 10. Nígbà ìbàlágà, ara kì í tètè pe oorun bíi ti tẹ́lẹ̀, ilé ìwé kò sì ní tìtorí ẹ̀ pẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn. Bí fóònù bá ń bá a sùn, ẹ kọ́kọ́ yanjú ìyẹn kí ẹ tó pe nǹkan kan ní àgídí.

Èkejì: iṣẹ́ àṣetiléwá ni ìjà yín sábà ń dá lé. Àwọn olùkọ́ ní kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àmọ́ kí ni wọ́n sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀? Ọmọ tó jẹ́jẹ́ tí kò sì mọ ìwé kà dáadáa lè fara pa mọ́ sẹ́yìn kíláàsì fún ọdún púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó ka ojú ewé kan sókè fún yín, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti rí ọmọ tí gbogbo ilé ń pè ní olóríkunkun, tó jẹ́ pé ojú tàbí etí rẹ̀ ló nílò àyẹ̀wò. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò lè dúró sójú kan wà nínú wọn náà, àti èyí tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Lára ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, ìrẹ̀wẹ̀sì lè wọ aṣọ ìkanra dípò ẹkún. Bó bá ti pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tì, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, ọ̀rọ̀ yín ti kúrò lórí fóònù.

Ẹ lè bẹ̀rù pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ẹ̀wọ̀n nìyí. Ìwádìí kan wà ní Dunedin, ní New Zealand, tó ti ń tẹ̀lé ọmọ 1,037 tí wọ́n bí ní 1972 sí 1973. Inú rẹ̀ ni Terrie Moffitt ti rí àlàyé tó ṣe ní ọdún 1993: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rú òfin nígbà ọ̀dọ́langba ló máa ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà, àwọn díẹ̀ ni ìwà ipá wọn ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, tó hàn nílé àti nílé ìwé, tó sì ń bá wọn lọ. Èyí tí ẹ ṣàpèjúwe kò jọ ti àwọn díẹ̀ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú un lọ wo ẹ̀wọ̀n kí ẹ̀rù lè bà á, ẹ má ṣe é. Wọ́n ti dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1970, àwọn tí wọ́n mú lọ ló sì tún wá dá ẹ̀ṣẹ̀ ju àwọn tí wọn kò mú lọ.

Ó ti tó ọdún kan tí èyí ti bẹ̀rẹ̀; bí ìbínú àti àtakò kò bá rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dán ohun tí mo sọ yìí wò, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé. Ìwé DSM-5 tí àwọn dókítà ọpọlọ ń lò kò pe ìwà báyìí ní àìsàn, àfi kó ti tó oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ó kéré tán mẹ́rin nínú àmì mẹ́jọ hàn, kó sì jẹ́ sí ẹni tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nìkan. Dókítà ni kó ka àwọn àmì náà, kì í ṣe èmi láti inú lẹ́tà. Àmọ́ ẹ má dúró rárá bó bá ń dá ẹranko lóró, bó bá ń dáná sun nǹkan, bó bá mú ohun ìjà, bó bá sá nílé mọ́jú, tàbí bó bá sọ pé ó sàn kí òun kú. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í fi èrò yẹn sí ọmọ lórí; ó máa ń fún un láyè láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sì wá ìrànwọ́, kí ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ó wá ku bàbá rẹ̀, tó ní kì í dán irú ẹ̀ wò níwájú òun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun kọ́ ló ń pàṣẹ iṣẹ́ àṣetiléwá, òun kọ́ ló ń ní kó lọ sùn, òun kọ́ ló ń gba fóònù. Ẹni tí kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ, kí ni ọmọ máa bá a jà sí? Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ kó gba wákàtí iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹ̀yin má dá sí i rárá, kódà bó bá ń lọ bí kò ṣe yẹ. Kí ẹ sì fún òun náà ní ìwé kékeré tirẹ̀, tí ẹ pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́ta bíi tiyín, kó máa ka iye ìgbà tó pàṣẹ.